Dískì Kejì

Ẹnu ni wọ́n fi mọ̀ mí ní Fájuyì ní Adó, kì í ṣe ọjà. Ìwé, bírò àti èǹfílọ́ọ̀pù ni mò ń tà. Àwọn míì náà ń tà á, àmọ́ ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń dúró sí kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí màá sọ nípa ẹni tó ń kọjá. Mo ti bú ọlọ́kadà, mo ti bú ọkọ mi lójú ẹbí rẹ̀, gbogbo wa á sì jọ rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo bú tí mi ò lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí dòní.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, ọ́fíìsì hù ní Adó bí olú. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ kí wọ́n bá àwọn táìpù. Mo rí i pé ẹni tó ń ta bébà ń họ eegun, ẹni tó ń tẹ nǹkan sórí bébà ló ń jẹ ẹran. Ni mo bá ra kọ̀mpútà tókunbọ̀ kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, mo gbé wọn sẹ́yìn káńtà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ìka méjì ni mo fi ń táìpù, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo.

Kò pẹ́ tí àrùn kọ̀mpútà fi wọlé. Dískì pẹlẹbẹ táwọn oníbàárà fi ń gbé iṣẹ́ wá ló ń gbé e kiri, bí ìgbà tí èèyàn ń gbé òfófó láti ojúlé dé ojúlé. Ohun tí mo táìpù láàárọ̀ á ti pòórá lọ́sàn-án. Tíṣà ló gbà mí. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìgèdè, ọ̀dọ̀ mi ló ti máa ń ra bébà. Ó ní ètò míì wà tí èèyàn lè fi sínú kọ̀mpútà, tí àrùn yẹn kì í bá jà, wọn kì í sì í tà á.

"Ta ló wá ṣe é?" mo bi í.

"Àwọn èèyàn káàkiri ayé ni, Ìyá Oníwèé. Kálukú ń mójú tó apá kan. Ẹni tó bá rí àbùkù á sọ bó ṣe rí i, ẹni tí apá ibẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ á tún un ṣe, á sì pín in fún gbogbo wa."

"Ta ló ń sanwó fún wọn?"

"Kò sẹ́ni tó ń sanwó. Àáró ni. Mo bá yín roko yín, ẹ̀yin náà á bá mi ro tèmi."

"Àáró tí ẹ ò mọ ojú ẹni tẹ́ ẹ jọ ń roko? Tíṣà, ṣé orí yín pé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ètò náà sínú kọ̀mpútà mi. Òun náà ní ebè tiẹ̀ nínú oko ńlá yẹn: apá tó ń jẹ́ kí kọ̀mpútà gbọ́ ọ̀rọ̀ irú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tèmi, èyí tí wọ́n ti jù nù nílùú òyìnbó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà n'Ìbàdàn tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Lóṣooṣù ló máa ń lọ síbẹ̀, á fi iṣẹ́ tirẹ̀ ránṣẹ́, á kó àtúnṣe tuntun bọ̀ sórí dískì, á sì pín in fún èmi àti ọkùnrin kan tó ń táìpù ní Ìgbẹ́mọ. Lọ́jọ́ kan ó fi orúkọ rẹ̀ hàn mí lójú kọ̀mpútà, láàárín orúkọ òyìnbó rẹpẹtẹ, ọmọ Ìgèdè kan ṣoṣo. Ó kàn fi ìka tọ́ka sí i. Mo ní kó ra ọtí fún mi.

Ọdún yẹn, nígbà tí ìkórè ìjọ wa ń bọ̀, ó gbé àtúnṣe tuntun wá. Dískì mẹ́rin ni, ó fi bírò pupa kọ nọ́ńbà sí wọn lára.

"Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe wà. Ẹ má fo ọ̀kankan o."

"Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí ni?"

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wá ṣe ìwé ètò ìsọmọlórúkọ, ó ní kí n tọ́jú iṣẹ́ náà sórí dískì fún òun. Dískì òfìfo ti tán lọ́wọ́ mi. Mo mú èkejì nínú mẹ́rin Tíṣà, mo pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, mo kọ iṣẹ́ ọkùnrin náà sí i, mo lẹ bébà mọ́ ọn lára. Mo ní mẹ́ta ṣáà kù. Ní tèmi, bí páálí bébà kan bá sọnù nínú mẹ́rin, mẹ́ta tó kù kò ní kú nítorí rẹ̀. Ọkùnrin náà kò sì padà wá gbé dískì ọ̀hún. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Ní Sátidé, mo jókòó láti fi àtúnṣe náà sínú ẹ̀rọ. Mo fi ti àkọ́kọ́ sí i. Ó béèrè èkejì. Mo tẹ bọ́tìnnì pé kó máa lọ. Ó tún kọ Gẹ̀ẹ́sì gbọọrọ sójú, mo tún tẹ̀ ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tó bá ti ju ìlà kan lọ, bí ìwàásù àlejò ni lójú mi: màá ṣe àmín kó lè tètè tán. Mo fi ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin sí i, mo pàṣẹ pé kó tẹ ìwé ètò ìkórè jáde.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́. Mo yọ wáyà, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú. Mo pààrọ̀ bébà. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo gbàdúrà, mo lù ú. Ó dákẹ́ bí àna tí inú ń bí. Inú bí èmi náà, mo wọ mọ́tò, ó di Ìgèdè.

Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé Tíṣà, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò. Bí mo ṣe rí èrò, ẹnu mi yá sí i.

"Ẹ bá mi pè é! Ẹni tó bá ra iṣu tó jẹrà, ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á ló ń gbé e padà sí!"

Tíṣà jáde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. "Ìyá Oníwèé, mi ò tà á fún yín."

"Ohun tó burú jù nìyẹn! Ká ní ẹ tà á ni, ǹ bá mọ iye èébú tí owó mi tó rà. Ọ̀fẹ́ tó ń ba ọjà ọlọ́jà jẹ́! Orúkọ yín wà láàárín òyìnbó, ẹ̀rọ ò gbọ́!"

Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló béèrè, bí ẹni ń bi ọmọ iléèwé:

"Ẹ fi dískì kejì sí i?"

Ọ̀rọ̀ náà bá mi níbi tí mi ò rò. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo ṣe. Àmọ́ ọ̀bẹ ti dúró lọ́wọ́ àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, gbogbo wọn ń wò mí.

"Kí lẹ fi mí pè? Gbogbo rẹ̀ ni mo fi sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ilẹ̀kẹ̀!"

Ó bá mi padà sí Adó lójú ẹsẹ̀. Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé gígùn kan. Ó rí i pé nǹkan kan wà tí kò dé inú ẹ̀rọ, ó sì gbà pé apá tòun ló jù ú sílẹ̀ lọ́nà. Ó ní kí n kó dískì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá kí òun wò wọ́n. Mo ní òjò ti pa wọ́n, mo ti kó wọn dànù. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó dá ti àtijọ́ padà fún mi, ìwé ètò ìkórè sì jáde kó tó di ìrọ̀lẹ́. Kó tó lọ, tó ku àwa méjì péré, ó tún bi mí jẹ́jẹ́:

"Ó dá yín lójú, ìyá?"

Dúrọ́ọ̀ náà kan orúnkún mi. Mo ní ó dá mi lójú. Ibẹ̀ ló dùn mí jù, torí kò sí èrò níbẹ̀ tí mo lè di ẹ̀bi rù.

Ó ránṣẹ́ sí Ìgbẹ́mọ pé kí wọ́n má fi àtúnṣe náà sí i. Ó kọ̀wé sáwọn èèyàn rẹ̀ káàkiri ayé pé iṣẹ́ òun ní àbùkù. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní lọ́dọ̀ tiwọn ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n bi í pé, ṣé kì í ṣe pé ẹni tó lò ó fo nǹkan kan? Ó fèsì pé obìnrin tó lò ó kì í purọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó wá ra èǹfílọ́ọ̀pù.

"Kì í sinmi mọ́," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń lọ Ìbàdàn báyìí."

Mo fi kún èǹfílọ́ọ̀pù rẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe nìyẹn.

Lẹ́yìn ìkórè tó tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ tún wá. Ó ní Tíṣà ti gbé apá tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Tíṣà ní ẹni tí kò bá rí àbùkù iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, kò yẹ kó máa dì í mú.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi ń gbé dískì náà sínú báàgì, tí mò ń yọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo lọ sí Ìgèdè, Tíṣà nìkan ló wà níta, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ.

"Ẹ kú ìrìn o," ó ní. "Kí ló tún dákẹ́?"

Mo gbé dískì náà lé e lọ́wọ́. Ó ṣí bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, ó rí nọ́ńbà pupa tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

"Mo bi yín," ó ní.

"Ẹ bi mí."

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, Tíṣà."

Mo ń retí kó bú mi. Ìyẹn ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ó wọlé, ó gbé ìwé gígùn tó fi ń wá àbùkù náà jáde. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán. Ó wá ìlà tó kẹ́yìn, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó pa ìwé dé. Mi ò béèrè ohun tó kọ.

"Ẹ kọ̀wé sí wọn," mo ní. "Ẹ ní èmi ni. Ẹ ní ìyá òpùrọ́ kan wà ní Adó."

"Ẹni tó gba apá náà ń ṣe é dáadáa. Kí ni mo fẹ́ wí fún un?" Ó yí dískì náà padà lọ́wọ́. "Kí ló wà nínú rẹ̀ báyìí?"

"Ètò ìsọmọlórúkọ ọmọ kan."

"Ṣé wọ́n ṣì nílò rẹ̀?"

"Ọmọ náà á ti máa sáré kiri, Tíṣà."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tòótọ́. Èmi tí wọ́n fi ẹ̀rín mọ̀, mi ò rí i rín. Ó dá dískì náà padà fún mi, ó ní kò bàjẹ́, mo ṣì lè fi kọ nǹkan míì. Lẹ́yìn náà ó mú bírò pupa rẹ̀, ó padà sídìí ìwé àwọn ọmọ.