Ìdánwò Tí Mo Jí Wò

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ náírà ni kóńgò ẹ̀gúsí bíbó lọ́jà Òsí lọ́sẹ̀ tí ọmọ mi obìnrin mú mi lọ gba ẹ̀rọ etí n'Ílọrin. Bí oníbàárà bá ń ná ọjà lọ́wọ́ mi, ìka rẹ̀ ni mò ń kà, etí mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi ariwo ńlá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ojú ṣòwò. Ẹni tó máa rà, èjìká rẹ̀ á ti sọ fún mi kí ẹnu rẹ̀ tó purọ́ pé owó ò sí lọ́wọ́ òun.

Dókítà etí jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní bí àwo àlejò. Ó jókòó síwájú mi, ó fi nǹkan dúdú bo etí mi méjèèjì, ó júwe pé bí mo bá ti gbọ́ "píì", kí n nawọ́. Ìdánwò kíláàsì kẹta ló lé mi kúrò nílé ìwé. Ṣé n óò tún wá fìdí rẹmi lójú ọmọ tí mo bí? Mo bá tẹjú mọ́ dókítà. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, èjìká ọ̀tún rẹ̀ á sún díẹ̀. Èjìká sún, mo nawọ́. Ó tún sún, mo tún nawọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní etí mi ò bàjẹ́ tó bí wọ́n ṣe sọ. Mo wú bí búrẹ́dì inú tíì.

Bí ìdánwò ṣe wí ló ṣe to ẹ̀rọ náà. A sanwó, a délé. Ẹ̀rọ kàn ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò ni. Oorun dá lójú mi, nítorí ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ta ọ̀kadà rẹ̀ kí owó náà tó pé. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí: "Màmá, ẹ ń gbọ́?" N óò ka ètè rẹ̀, n óò ní: "Kedere!"

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mò ń ṣa ẹ̀gúsí, àfi bí ọmọ mi ṣe yọ síwájú mi tòun tomi lójú. Ó ti ń pè mí látẹ̀yìn tipẹ́. Ó pariwo débi tí mo fi gbọ́: "Wọ́n ti lù wá ní jìbìtì! Mọ́ńdè ni mò ń lọ bá dókítà yẹn. Á mọ̀ pé Òsí ni wọ́n bí mi sí!"

Mo ro ti ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n fẹ́ lọ dójú tì nítorí mi. Mo jẹ́wọ́.

Ó káwọ́ lérí. "Màmá, ẹ jí ìdánwò wò? Pẹ̀lú ọjọ́ orí yín yìí?"

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́nà Ìlọrin lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà, ẹ má bèèrè. Tí wọ́n bá ní kò ṣeé tún tò mọ́ ńkọ́? Dókítà gbọ́ ẹjọ́ mi, ó fọwọ́ bojú. "Màmá, ẹ sọ mí di oníbàárà." Ó yí àga mi sí ògiri. Ògiri ò ní èjìká. Mo jókòó, mò ń làágùn, ọwọ́ mi wà nílẹ̀. Mo rò pé ó ti jáde lọ jẹun. Nígbà tó pẹ́ ni "píì" kan dé, tínrín bí irun.

Ó tún ẹ̀rọ náà tò lórí kọ̀ǹpútà. Ohùn kan sọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi: "Ìyá mi yìí mà lè purọ́ o."

Mi ò wẹ̀yìn. "Irọ́ yẹn náà ni mo fi tọ́ ẹ dàgbà!"

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó tún bú sẹ́kún. Mo gbọ́ méjèèjì. Dókítà ò gba kọ́bọ̀ fún àtúntò, ṣùgbọ́n owó mọ́tò èèyàn méjì, àlọ àti àbọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún náírà ni.