Bàbá Koko Ò Ṣàìsàn Rí

Kò sẹ́ni tó mọ Bàbá Koko tí ò ní kọ́kọ́ sọ ti ìṣó fún yín. Káfíńtà ni Bàbá. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n tẹ ìṣó, ó gba inú bàtà wọ àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n tiro dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà yìí kì í ṣe ẹ̀yà tiwa o. Ó gbọ́ èdè wa dáadáa, àmọ́ níbi tí wọ́n ti bí i, ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni wọ́n máa gbà.

"Báwo lara, Bàbá?"

"Ara le koko!"

"Kò sí nǹkan tó ń dùn yín?"

"Rárá o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ó dáa, ẹ máa lọ sílé."

Bàbá dúpẹ́, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì gbé ìṣó wọn lọ sílé.

Télọ̀ lọmọ wọn obìnrin, òun nìkan ni wọ́n bí. Ó fi téèpù kọ́rùn, ó wọ́ Bàbá padà. "Dókítà, ẹ ò rí ẹsẹ̀ ni?"

"Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ara le."

"Ẹ̀yin náà! Ẹ kí wọn, wọ́n dá yín lóhùn. Ta ló ń ka àìsàn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí i?"

Dókítà yíjú sí Bàbá. "Ṣé ìṣó yìí ò wá dùn yín ni?"

"Ó ń dùn mí díẹ̀," Bàbá ní, "àmọ́ mo rí i pé ọwọ́ yín dí."

Nígbà tó yọ ìṣó náà tán, Dókítà fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ dì wọ́n lápá, ó wò ó, ó kàn là á mọ́lẹ̀: "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru gan-an. Tẹ́ ò bá lo oògùn, ẹ máa kú."

Yéè! Bàbá dìde fùú. "Ta ló máa kú? Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé yín nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Nílé wa, ẹni tó bá fi òótọ́ pa mọ́ fún yín ló kórìíra yín."

Bàbá rò ó díẹ̀. Wọ́n rí i pé dókítà náà ò níkà nínú. "Ó dáa. Jáde. Kan ilẹ̀kùn. Wọlé padà, kí mi dáadáa, bèèrè iṣẹ́, kó o tó wá sọ ọ́. Má sì dárúkọ ikú."

Ló bá jáde lóòótọ́! Odindi dókítà ń kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ara ẹ̀. Ìyá kan tó jókòó lórí bẹ́ńṣì wò ó tìkà-tẹ̀gbin: "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ lọ tò sẹ́yìn. Àwa la kọ́kọ́ dé."

Kẹ́ ẹ má rò pé eré ni gbogbo ẹ̀ o. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé Bàbá ń dúró sáàárín iṣẹ́, wọ́n á di pákó mú, wọ́n á máa mí hẹlẹ. Tó bá bi wọ́n, "koko ni." Ẹ̀rù bà á. Bàbá nìkan ló kù ú kù. Ó mú wọn lọ sọ́dọ̀ Dókítà.

Dókítà kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó kí wọn títí, ó bèèrè iṣẹ́, Bàbá sì ní àga kan wà nílẹ̀ táwọn ń kàn. Kò bèèrè ara rárá. Ó ní, "Bàbá, àga tẹ́ ẹ̀ ń kàn yẹn, ta ló ń gé pákó ẹ̀ báyìí?"

Bàbá wo Télọ̀, wọ́n wolẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń gé e. Tí mo bá ti gbé ayùn, àyà mi á fún pinpin. Ara ò le, ọmọ mi."

Télọ̀ ò gbọ́ irú ẹ̀ rí lẹ́nu wọn. Wọ́n dá Bàbá dúró sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀. Àìsàn ọkàn ni, àmọ́ wọ́n tètè rí i. Nígbà tára yá, Bàbá parí àga náà, wọ́n gbé e fún Dókítà: "Fún àwọn òpùrọ́ bíi tèmi, kí ìdí wọn lè balẹ̀ kí wọ́n tó sọ òótọ́."

Bàbá tún pẹ́ láyé sí i dáadáa kí wọ́n tó lọ. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn ni pé ara le koko.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Dókítà yà ní ṣọ́ọ̀bù Télọ̀. "Télọ̀, báwo ni?"

"Mo wà o. Ara le koko." Ó ń tẹ máṣíìnì lọ, kò gbójú sókè.

Dókítà wò ó. Ó jáde padà. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ó kí i, ó fa àga, ó jókòó.

"Ta ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù Bàbá láàárọ̀ báyìí?"

Ẹsẹ̀ Télọ̀ dúró lórí máṣíìnì. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀, kí omijé tó dé.

"Kò sẹ́ni tó ń ṣí i," ó ní. "Ara ò le, Dókítà."