Akọ̀wé àti Sípíkà Ẹ̀gbọ́n

Sípíkà méjì tí Ẹ̀gbọ́n fi ta Akọ̀wé lọ́rẹ ga dé àyà ọkùnrin. Ọkùnrin mẹ́ta ló ń mí hẹlẹhẹlẹ bí wọ́n ti ń gbé wọn gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n fi máa rí ibi gbé wọn kalẹ̀, àga Akọ̀wé ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti di ará ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣílẹ̀kùn, orúnkún Akọ̀wé ló máa kọ́kọ́ kí i káàbọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n tí à ń wí yìí. Òun ló bá Akọ̀wé wá iṣẹ́ sílé-iṣẹ́ omi, níbi tó ti ń kọ ẹ̀sùn àwọn tí omi kì í yọ lẹ́nu ẹ̀rọ wọn sílẹ̀, ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún. Òun náà ló ni ilé tí wọ́n ń gbé. Èèyàn dáadáa ni, Ọlọ́run ń gbọ́. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé oore rẹ̀ kì í sinmi, àti pé gbogbo ọ̀sán Sátidé ló máa ń wá wò ó bóyá oore náà ṣì wà níbi tó fi í sí.

Sípíkà ọ̀hún kò lè dá sọ̀rọ̀. Ó ń fẹ́ áńpìlífáyà, ẹ̀rọ tí yóò máa fún ohùn lágbára kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí Akọ̀wé lọ yan èyí fúnra rẹ̀, kó lè ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó wá kọ orúkọ èyí tó máa yàn sórí bébà fún un.

Akọ̀wé mọ ẹ̀rọ náà. Iná aláwọ̀ búlúù kún iwájú rẹ̀, bó bá sì sọ̀rọ̀, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ orin tí Akọ̀wé fẹ́ràn ni èyí tí wọ́n ń rọra kọ, tí èèyàn á gbọ́ bí akọrin ṣe ń mí sínú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ti oníná yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ń rán bọ́tìnnì lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ sọ fún wọn, Bàbá wa, bí ẹnu yín bá gbà á."

Ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ó wo àjà, ti Ẹ̀gbọ́n ni. Ó wo ògiri, ti Ẹ̀gbọ́n ni. Ìṣó tó fi ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ kọ́, Ẹ̀gbọ́n ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́rọ ló ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe, tó sì ń tà á. Ó ti jígí ojú rẹ̀ sókè sí iwájú orí. Akọ̀wé ti da gbogbo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn sípíkà kọ láìku ẹyọ kan, bí ìgbà tó ń kọ ẹ̀sùn. Obìnrin náà kà á, ó ní àwọn sípíkà yìí ṣòro láti mú sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ń rò pé agbára ẹ̀rọ ló ń ba sípíkà jẹ́, àmọ́ ọ̀lẹ ẹ̀rọ tí wọ́n ń fipá mú pariwo máa ń bà á jẹ́ ju alágbára tó ń rọra sọ̀rọ̀ lọ. Ó wá béèrè bí wọ́n ṣe máa lò ó.

"Wọ́n fẹ́ràn kó dún gan-an," ni Akọ̀wé wí. "Sátidé ni wọ́n máa ń wá. Wọ́n á jókòó síwájú pátápátá, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

Ìyá Ẹlẹ́rọ mi orí. Ó kọjá lára àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì, ó lọ sí kọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nǹkan kan tó fẹ̀ bí àpótí aṣọ jáde. Ó ní ti gbọ̀ngàn nìyí, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà pàápàá á gbọ́.

"Wọ́n tó mélòó, bí wọ́n bá pé?"

"Mélòó báwo? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni."

"Ẹnìkan ṣoṣo?"

"Ẹnìkan ṣoṣo."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí jígí fi já bọ́ sórí imú rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Wọ́n, wọ́n, wọ́n. Èmi ti ń ka àga ní tèmi."

Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ àṣìgbọ́ obìnrin yìí sún mọ́ òótọ́ jù. Ẹni tó ń fi 'wọ́n' bọ̀wọ̀ fún yìí ti kún pálọ̀ bí èrò ìsìn ọdún, onílé kò ríbi fẹsẹ̀ sí.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ni Ìyá Ẹlẹ́rọ wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ibẹ̀, kí lẹ fẹ́ gbọ́?"

Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí Akọ̀wé ti ń bi èèyàn léèrè ohun tó ń dùn wọ́n, kò sẹ́ni tó yí bírò síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Ó rọra sọ ọ̀rọ̀ akọrin tó ń mí sínú yẹn. Ìyá Ẹlẹ́rọ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé áńpìlífáyà dúdú kan sílẹ̀, kò ní iná, bọ́tìnnì kan péré ló ní, àmọ́ ó wúwo bí òkúta. Ó ní èyí lágbára, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe fújà. Ó so ó mọ́ sípíkà kan, ó sì fi orin sí i. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, Akọ̀wé gbọ́ èémí náà.

Ìyẹn ló gbé lọ sílé.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé ní Sátidé, ó dúró síwájú ẹ̀rọ náà, ó ń wá iná. Ìyàwó Akọ̀wé rántí pé òun ní nǹkan kan láti ṣe ní kíṣìnnì.

"Èmi ni mo yàn án, Ẹ̀gbọ́n," ni Akọ̀wé wí. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, àmọ́ ó jáde. "Irú èyí ni mo fẹ́."

Ẹ̀gbọ́n wò ó bí ẹni tí àga bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó síwájú pátápátá, ó ní kí wọ́n tàn án. Ó gbọ́ orin kan tán, ó pa ojú dé fún èkejì. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó nu ojú.

"Àṣé báyìí lorin ṣe máa ń dùn," ló wí. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Akọ̀wé. "O ò sì sọ fún mi látọjọ́ yìí. Sátidé nìkan kò tó o. Màá máa wá ní Ọjọ́rú náà."

"Ẹ ṣeun, sà," ni ẹnu Akọ̀wé wí, kí Akọ̀wé fúnra rẹ̀ tó ráyè dá sí i.