Ta Ló Máa Kín Ọ̀rọ̀ Yìí Lẹ́yìn?

Mo rántí bí òórùn agbádá tuntun ọkọ mi ṣe gba yàrá wa kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n búra fún un gẹ́gẹ́ bíi káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa ní Ìwó. Oyún àkọ́bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ti pín sí méjì, wọ́n ń bá ara wọn jà, ni àwọn èèyàn bá dìbò fún ọkọ mi, ọmọ àáfà tí gbogbo wọn mọ̀, lábẹ́ ẹgbẹ́ kékeré kan tí ọ̀pọ̀ wọn ò lè pe orúkọ rẹ̀. Òun nìkan ni ẹgbẹ́ náà ní ní káńsù. Èmi ń yan káàkiri àdúgbò bí ìyàwó gómìnà. Ìyá ọkọ mi ò yọ̀ tó bẹ́ẹ̀; wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà wọ́n láàmú.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ọkọ mi ṣèlérí fún wa. Ilé ìwòsàn kékeré wà ládùúgbò, àmọ́ àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Orí ọ̀kadà ni aboyún fi ń wá agbẹ̀bí lọ. Lọ́jọ́ tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sílé ìgbìmọ̀, mo tẹ̀lé e, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ó sọ̀rọ̀ náà, ó yé gbogbo èèyàn. Olórí ilé wá béèrè pé, "Ta ló máa kín ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn?" Káńsẹ́lọ̀ kan ń wo fóònù, òmíràn ń wo fáànù. Èmi tí mo kàwé mẹ́wàá, mi ò mọ̀ pé àwọn káńsẹ́lọ̀ nìkan ni wọ́n ń bi. Mo dìde tikùntikùn.

"Èmi ni, sà. Èmi ni mo máa ń kín in."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀.

"Ìyàwó wa, ti balùwẹ̀ nìyẹn," ni olórí ilé wí. "Jókòó, jàre."

Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Nígbà tí ọmọ ń bọ̀, ọ̀kadà ni a gùn. A ò tètè dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí. Ọmọkùnrin ni. Kò ké.

Káńsẹ́lọ̀ tó jẹ lẹ́yìn ọkọ mi, ọmọ ẹgbẹ́ ńlá, sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n ní gbogbo ọwọ́ ló nà sókè. Nọ́ọ̀sì dé. Ibẹ̀ ni mo bí ọmọbìnrin mi sí. Ó ti ń rìn báyìí. Mo kúnlẹ̀ kí káńsẹ́lọ̀ náà kú iṣẹ́, tọkàntọkàn ni, torí ọmọ mi yè.

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ òṣèlú mọ́. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bínú sí i pé kò díje mọ́, pé ó fi ipò sílẹ̀ fún wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tó gbé mi lọ bímọ, nọ́ọ̀sì bi mí bóyá àkọ́bí ni. Kí n tó lanu, ọkọ mi ti fèsì lẹ́nu ọ̀nà:

"Rárá o. Ìkejì ni."

Mi ò bínú sí i mọ́ láti ọjọ́ náà.