Ọgọ́rin Ọwọ́ Òsì

Ojúùwọ̀n ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rán aṣọ iṣẹ́. Kì í ṣe orúkọ yẹ̀yẹ́. Bí ènìyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó tó kí wọn tán, ẹ̀gbọ́n mi ti mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Yóò ní, "Mẹ́tàdínlógún." Ọ̀gá rẹ̀ yóò na tépù, yóò sì bá a ní mẹ́tàdínlógún. Òun kọ́ ló ń rán aṣọ. Òun ló ń gé e. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi dúró nídìí tábìlì gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi gé bébà.

Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé, tíṣà ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, torí bí ẹ bá pàdé rẹ̀, yóò wù yín. Kì í mutí. Kì í pariwo. Kò gbé ọwọ́ sókè sí i rí. Bàtà rẹ̀ a máa dán, bó bá sì ń kí àgbàlagbà, yóò tẹríba dáadáa. Ìyá wa ní ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. Òótọ́ ni. Oyin náà a máa ta.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jẹun lọ́dọ̀ wọn, mo bi ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè kan nípa ìdìbò. Kó tó la ẹnu, Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àbúrò, fara balẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ọkọ̀ tó ń dúró níbi gbogbo ló wọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà purọ́: mo rẹ́rìn-ín gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì dìde lọ bu omi tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Mo ti jáde yunifásítì nígbà náà. Gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí èyí tó tọ́ka sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú mi.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbàgbé láti ra ọṣẹ: "Kò burú. Mi ò retí kó o rántí." Bó bá rántí: "Háà, ta ló rán ẹ létí?" Bó bá dákẹ́, Tíṣà yóò ní odi ni. Bó bá fèsì: "Ẹ wá wo olódo tó ń ṣàlàyé." Ohùn pẹ̀lẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí omi bá wá bọ́ lójú rẹ̀, Tíṣà yóò ní, "Eré ni mo ń bá ẹ ṣe. Àbí a ò lè bá ìwọ ṣeré ni?" Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mọra, bí ẹgbẹ́ ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹta tí wọ́n jọ ń gbé, Tíṣà ní kó máa bọ̀wọ̀ fún òun bí àgbà, kó lè máa rántí ẹni tó mọ̀wé nínú àwọn méjèèjì. Ọdún kan péré ló fi jù ú lọ.

Ó tún ṣe òfin lórí fóònù: bí òun bá pè, kò gbọdọ̀ dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbé e.

Lẹ́yìn fóònù, ó kan ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí oṣù tó parí, kó fi ibẹ̀ sílẹ̀, kó gbé maṣíìnì kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, kó máa tún aṣọ àwọn aládùúgbò ṣe. "Níbẹ̀, bó o bá ṣàṣìṣe, èmi nìkan ni màá rí i." Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń ròyìn oore tí wọ́n ṣe fún un. Ọjọ́ méjìlá ló kù.

Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ohun tó yí padà lára rẹ̀. Ojúùwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Yóò wọ̀n ọ́n, yóò fi ẹfun sàmì, yóò nu àmì náà kúrò, yóò tún wọ̀n ọ́n. Àwọn tó wà nídìí maṣíìnì ń dúró de aṣọ. Wọ́n ní, "Ojúùwọ̀n, ṣé kí a dáwó ra gíláàsì fún ẹ ni?" Wọ́n rò pé ojú ló ń dùn ún.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, wọ́n ní kó gé ogójì ẹ̀wù nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gé ọwọ́ ẹ̀wù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Aṣọ náà ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Wọ́n á tẹ́ ogójì ìpele lé ara wọn, kí gbogbo wọn kọjú sókè. Wọ́n á gbé pátánì, bébà tí wọ́n gé bí ọwọ́ ẹ̀wù, lé e lórí, wọ́n á fi ẹ̀rọ gé ọwọ́ òsì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yí pátánì yẹn dà, wọ́n á gé ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kìíní ló ti ń mọ èyí.

Ó gé ọwọ́ òsì tán. Ó gbé pátánì sókè. Fóònù dún.

Tíṣà fẹ́ mọ ibi tó gbé kóòmù òun sí. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi ṣàlàyé fún un irú ènìyàn tó máa ń gbé kóòmù sí ibi tí kò yẹ. "Bẹ́ẹ̀ ni," ẹ̀gbọ́n mi ń dáhùn. "Ẹ má bínú. Bẹ́ẹ̀ ni." Nígbà tí ìyẹn parí, ó gbé pátánì náà lé aṣọ bó ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gé e.

Ogójì ẹ̀wù. Ọgọ́rin ọwọ́. Òsì ni gbogbo wọn.

Ọ̀gá rẹ̀ ló rí i. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ohùn rẹ̀ a máa dé òdìkejì títì.

"Ojúùwọ̀n, kí lèyí? Ṣé àwọn nọ́ọ̀sì tó ní ọwọ́ òsì méjì méjì ni wọ́n gbà síṣẹ́? O ò yí pátánì dà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Aṣọ yìí ti bàjẹ́, kò ṣeé tún ṣe, o sì máa tètè dé lọ́la wá gé òmíràn."

Inú bí i, ó sì tọ́ kí inú bí i. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Olódo ni mí. Orí mi ò gba nǹkan. Àánú yín ni mo ń jẹ, kò síbi tí wọ́n ti lè gbà mí. Mi ò wúlò fún ẹnikẹ́ni."

Àwọn maṣíìnì dákẹ́, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

"Dìde," ọ̀gá rẹ̀ wí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mà?"

"Ọwọ́ ẹ̀wù ni mo ń sọ. Mi ò sọ̀rọ̀ orí. Ta ló ń sọ nǹkan wọ̀nyẹn sí ẹ létí?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi yára dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló tó gbọ́ ara rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun dúró síbẹ̀, òun ń wá gbólóhùn kan ṣoṣo tó jẹ́ ti òun nínú ohun tí òun sọ, òun ò rí i. Ti Tíṣà ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá bá a wí fún ìṣẹ́jú méjì, ìbáwí náà parí sórí aṣọ. Tíṣà kò pariwo mọ́ ọn rí, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kò sì níbi tó ń parí sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi lọ bá ìyá wa. Mo wà níbẹ̀.

"Ó lù ẹ́ ni?"

"Rárá, Màámi."

"Ó ń kó obìnrin?"

"Rárá."

"Kí wá ni?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ni."

Ìyá wa mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọmọ mi, padà sílé. Tíṣà ni, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tọ́ ènìyàn sọ́nà."

Ìyá yìí kan náà ló kọ́ wa pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó jọ pé àwọn ọmọ ẹlòmíràn ló kọ́ ọ fún.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi. Ó ti fi yàrá tiẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó kó lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin náà. Èmi ń sùn sórí mátírẹ́ẹ̀sì kan nínú yàrá tí àwa mẹ́rin jọ háyà. Mo ní ìwé ẹ̀rí, mi ò ní ilẹ̀kùn. Mo ní kó ṣe sùúrù díẹ̀. Mi ò tíì dárí ji ara mi, mi ò sì ń gbìyànjú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ́ tó kẹ́yìn oṣù, Tíṣà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Mo wá dúpẹ́ ni. Láti Mọ́ńdè, ìyàwó mi ò ní máa wá mọ́. Ẹ ti gbìyànjú lórí ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ilé. "Mo gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi mọ orí òun náà."

Ó dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé òun ló rán ẹ?" ọ̀gá bi í.

"Màmá, ohun tí mo bá sọ, òun náà ló sọ ọ́."

"Mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀. Ojúùwọ̀n, ṣé o ń lọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi di etí tábìlì mú.

"Mi ò lọ."

"Kí lo wí?" Tíṣà béèrè, jẹ́jẹ́.

"Mo ní mi ò fi iṣẹ́ mi sílẹ̀."

"Kò burú. A óò sọ ọ́ nílé." Ó tẹríba fún ọ̀gá, ó bọ́ síta, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń dúró.

Wọ́n palẹ̀ iṣẹ́ mọ́. Wọ́n fi aṣọ bo àwọn maṣíìnì. Ẹ̀gbọ́n mi ká aṣọ tí wọ́n ti ká tẹ́lẹ̀, ó tú u, ó tún un ká.

"Mọ́ńdè, aago méje," ọ̀gá wí fún un.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú báàgì rẹ̀, ti ilé Tíṣà ni. Ó gbé báàgì náà kọ́ èjìká, ó jáde. Mo ti wá wò ó lọ́jọ́ náà, mo wà ní òdìkejì títì, mo rí wọn. Wọn ò tíì dé kọ̀rọ̀ títì tí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀, ó fi orí sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ kò sókè. Bí ẹ bá rí wọn láti òkèèrè, ẹ ó rò pé ìròyìn ayọ̀ ló ń sọ fún un.