Sójà Tó Gbé Iṣu Lọ Sílé Onílẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ń fi mí ṣọ́ kòkó tí a sá sórí ẹní, sójà kan wà tó jagun àwọn òyìnbó dé Bọ́mà. Èkó ló jókòó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó rántí pé òun ní abúlé. Ọjọ́ tó rántí yìí, oko bàbá mi ló rántí mọ́ ọn. Ó wọ kóòtù kakí tó nípọn nínú oòrùn, ó ń làágùn bí ẹran tí wọ́n ń sun, ó ní ilẹ̀ tí a ń dáko sí, ti bàbá bàbá òun ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú un wá sí mi lọ́kàn. Níbí ní Dagenham, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo ti ń ta ẹja gbígbẹ àti gàrí, bàbá òyìnbó àgbàlagbà kan máa ń ti apá Valence wá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ti kọ́ dòdò jẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tẹ́ ìwé kalẹ̀ sórí àpò ẹ̀wà mi. Bàbá bàbá rẹ̀ ṣe sójà. Nígbà tí ogun ayé tirẹ̀ parí, ìjọba fún un ní ilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà lọ́hùn-ún, ó lọ tẹ̀dó síbẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí lọ́hùn-ún ló fi àdàkọ ránṣẹ́: ìwé ológun, ìwé ilẹ̀, máàpù tí wọ́n fi ìlà gé wẹ́wẹ́ bí ẹni gé ọṣẹ tà, àti fọ́tò kan. Nínú fọ́tò náà, sójà ọ̀hún dúró ti ẹṣin níwájú ilé kúkurú kan. Àwọn ènìyàn kan tó da aṣọ bora wà lẹ́yìn, wọ́n ń wò ó.

"Àwọn wo nìyí?" ni mo bi í.

"A ò mọ̀, Mama. Wọn ò kọ orúkọ wọn."

"Ẹṣin ńkọ́?"

Ó gbé ìwé súnmọ́ ojú. Wọ́n kọ orúkọ ẹṣin.

"Ta wá ni bàbá bàbá yín gbé iṣu lọ fún?"

"Iṣu kẹ̀? Ilẹ̀ náà ṣófo ni, Mama. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Àwọn tó da aṣọ bora yìí ńkọ́? Igi ni wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wa kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwé rẹpẹtẹ, òǹtẹ̀ lórí òǹtẹ̀, wọn ò ríbi kọ orúkọ ọmọ ènìyàn sí!

Ẹ padà bá mi sí abúlé. Sójà tiwa náà gbé ìwé dání. Akọ̀wé kan tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́ nígboro ló tẹ̀ ẹ́ fún un, pé bàbá bàbá rẹ̀ jagun fún ìlú, ìlú sì fi ilẹ̀ ta á lọ́rẹ. Bàbá mi kò ní ìwé. Ohun tó ní ni igi kòkó tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, àti iṣu tó máa ń gbé lọ́dọọdún sílé ìyá arúgbó kan tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ gé igbó náà. Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. Bí o bá ti gbé e dé ojúlé yẹn nígbà iṣu tuntun, o ti sọ fún gbogbo ayé pé, "Ẹ̀yin lẹ ni ín, èmi kàn ń dáko níbẹ̀ ni."

Baálẹ̀ dá ọjọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà. Bàbá mi kò lè jẹun. Ìyá mi ti ń di ẹrù díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí a ó gbé e lọ kò sí.

Ẹ wá wo ọgbọ́n sójà. Wọ́n sọ fún un pé Baálẹ̀ kò ní í dájọ́ láìgbọ́ tẹnu ìyá arúgbó yẹn. Ó ní kò burú, òun á lọ fi nǹkan tù ú lójú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ékòó. Iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ra iṣu, ó ra epo, ó kó àwọn aláàárù sẹ́yìn, ó fi mẹ́dàlì tí wọ́n fún un lójú ogun sáyà, ó gba àárín abúlé kọjá lójú gbogbo wa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá náà.

Ìyá arúgbó wo iṣu, ó wo sójà, ó ké sí àwọn ará ilé rẹ̀. "Ẹ jáde wá! Oníṣákọ́lẹ̀ tuntun dé!"

Sójà fò dìde. "Ẹ̀bùn ni, Ìyá! Ẹ̀bùn ni mo mú wá!"

"Nígbà iṣu tuntun? Sí ojúlé yìí? Sójà, ta ló tọ́ ọ?"

Ẹ̀rín sọ. Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Sójà sáré lọ bá Baálẹ̀, ó ń ju ìwé lókè. Baálẹ̀ ní, "Ká ìwé rẹ, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ ti jẹ́rìí." Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ ṣe parí láìtíì bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi tú ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ọdún yí po, sójà ló ṣáájú bàbá mi dé ojúlé náà, tòun ti iṣu. Ó ti lọ tọrọ igun ilẹ̀ kan lọ́wọ́ ìyá náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ìgbà náà, ojú ni wọ́n fi ń mọ onílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ á wo ojú ènìyàn kó tó pa á. Ayé òde òní, ìwé ń bá ìwé sọ̀rọ̀, ènìyàn dúró lẹ́yìn ó ń wò.

Àbúrò mi pè mí láti ilé láìpẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ ìyá arúgbó yẹn ti ń gé oko bàbá wa tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Lọ́yà wa ní ká mú ẹ̀rí wá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Bàbá fi ìwé kankan sílẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí oníbàárà tó ń yan ẹja fi ń wojú mi.

"Iṣu ni Bàbá fi ṣe ìwé tirẹ̀, àbúrò mi," ni mo wí. "Wọ́n sì ti jẹ ẹ́ tán."