Àǹtí Eléyín àti Àga Apá Ọ̀tún

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìgbéraga ló gbé obìnrin yìí dé ojú ọ̀run. Ìdánìkanwà ni. Àwọn ará pápá bàálù ló ń pè é ní Àǹtí Eléyín, torí pé ọ̀dọ̀ dókítà eyín ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń di iná mú, òun ló ń fa itọ́ kúrò lẹ́nu aláìsàn tí dókítà bá ń gbẹ́ eyín. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe! Láti àárọ̀ dalẹ́, gbogbo ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló la ẹnu sílẹ̀ gbagada, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dáhùn. Tó bá kí wọn, wọ́n á ní "àà". Tó bá bi wọ́n pé ṣé ó ń dùn wọ́n, wọ́n á tún ní "àà". Dókítà fúnra rẹ̀ kì í sọ ju orúkọ irin tó fẹ́ gbà lọ. Bí iṣẹ́ bá parí, ó di ilé, yàrá kan àti pálọ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tó jẹ́ pé fíríìjì nìkan ló ń bá a dá sí ọ̀rọ̀.

Kò lọ́kọ, kò bímọ, ìyá àti bàbá rẹ̀ sì ti lọ síbi àgbà ń rè. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù, ìlú mìíràn lòun ń gbé. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àwọn ọmọ á máa pariwo lẹ́yìn, ìyàwó á máa pè é, kò ní pẹ́ tá a fi gbọ́ tó ń sọ pé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa tó padà dé.

Ohun tó gbé e dé pápá bàálù kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú, òun gan-an ò lè ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Ó ní òun ń kọjá lọ ni, òun rí bàálù kékeré kan tó ń bà, òun sì yà wò ó. Olùkọ́ àgbà tó bá níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Bàbá Afẹ́fẹ́, torí pé kì í dáhùn kíkí èèyàn láìkọ́kọ́ gbójú sókè wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Nínú bàálù kékeré bẹ́ẹ̀, apá òsì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó, olùkọ́ á wà lápá ọ̀tún, èjìká á máa kan èjìká. Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bo etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn, ohùn ẹnì kejì á sì wọlé sí ọ létí ṣinṣin. "Rọra," ni Bàbá Afẹ́fẹ́ wí fún un lọ́jọ́ yẹn tó gbé e gòkè, tó ní kó di ọwọ́ ìdarí mú. "Má fún un lọ́rùn. Dì í mú bí ẹní di ẹyin mú." Nígbà wo lẹnì kan ti sọ̀rọ̀ sí i pẹ́kípẹ́kí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn? Nígbà tó délé, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún.

Ibẹ̀ ló ti pinnu. Kò fẹ́ wa bàálù ńlá, kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní kápútéènì. Olùkọ́ ló fẹ́ dà. Ó ti wò ó pé nínú gbogbo àwọn tó ń fò, olùkọ́ nìkan ló jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣeé ṣe láìjẹ́ pé èèyàn jókòó tì í. Bó ṣe gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ báyìí, èyí tó fi lè máa fò fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀nà tó kù.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti fún un ní ife tíì mẹ́rin nígbà kan rí, ọ̀kan ṣoṣo ló sì ń lò nínú wọn. Ó kó gbogbo wọn sórí tábìlì. Ife kìíní ni wákàtí tó pọ̀ tó gbọ́dọ̀ dá fò kó lè dáńtọ́. Ife kejì ni àṣẹ ìkùukùu, ìyẹn kéèyàn lè fò nígbà tójú ò ríta mọ́, kó máa wo àwọn aago iwájú ẹ̀ nìkan. Ẹ̀kẹta ni àṣẹ láti máa fi bàálù ṣiṣẹ́ gbowó. Ẹ̀kẹrin ni ti olùkọ́. Ó wo ife ìkùukùu yìí, ojú ẹ̀ ò gbà á. Òfin ò fi dandan lé e pé kó ṣáájú ti olùkọ́. Bó bá sún un sẹ́yìn pátápátá, á tètè rí ẹni jókòó tì. Ọ̀nà kan ò sáà wọ ọjà. Ó sún un sẹ́yìn, ó dá a padà, ó tún sún un sẹ́yìn, tíì tó bù sínú ife tirẹ̀ fi tutù.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Afẹ́fẹ́. Bàbá wo afẹ́fẹ́ ná, lẹ́yìn náà ló wò ó.

"Jẹ́ kí ìkùukùu ṣáájú," ó ní. "Ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́ mọ́ ọ lórí, tí ọmọ ọlọ́mọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ìkùukùu ò ní bi ọ́ léèrè bóyá o ṣì ń múra ẹ̀ lọ́wọ́."

Ó dùn ún o, kí n má parọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá Bàbá sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ó délé, ó dá ife padà sáyè rẹ̀.

Ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀nà tó fẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ èèyàn, inú ìdánìkanwà ló gbà kọjá. Òun tó ń sá fún ilé tó dákẹ́, ó wá di ẹni tó ń dá fò lọ sí pápá mìíràn ní gbogbo Sátidé, á sọ̀ kalẹ̀, á mu omi, á jókòó díẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, á tún dá fò padà. Báàgì rẹ̀ ló ń jókòó sórí àga kejì. Láti òkè, ó ń rí aṣọ táwọn èèyàn sá, ó ń rí ọkọ̀ tó dúró síwájú ilé kan náà ní méjì mẹ́ta, á sì mọ̀ pé wọ́n lálejò nílé yẹn lónìí. Nígbà míì, á pe ọkùnrin tó ń dáhùn rédíò ní pápá, á bi í bójú ọjọ́ ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ojú ọjọ́ ọ̀hún ló ń wò yẹn. Tọ́kùnrin náà bá ti dáhùn, á ní, "Ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹ kú iṣẹ́ ò sí nínú ọ̀rọ̀ rédíò wọn.

Bó ṣe ṣe é nìyẹn, ife kan tẹ̀lé òmíràn, wákàtí pé, ó gba ti ìkùukùu, ó gba ti iṣẹ́. Ó wá kan ti olùkọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Olùdánwò, obìnrin kan tójú ẹ̀ le bí òkúta, jókòó sápá òsì, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ darí bàálù síbi tí kò yẹ. Àǹtí Eléyín na ọwọ́, ó tún un ṣe wẹ́rẹ́, kò sọ nǹkan kan. Olùdánwò tún ṣe òmíràn, ọwọ́ tún lọ, ẹnu ò là. Bí wọ́n ṣe fò títí tí wọ́n fi bà nìyẹn.

"Ẹ mọ bàálù wà," ni olùdánwò wí nígbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. "Ṣùgbọ́n láti ìgbà tá a ti gbéra, mi ò mọ̀ bóyá ẹ rántí pé mo wà níbí."

Olùdánwò ò jẹ́ kó yege. Kí ló tún kù? Obìnrin tó ń fojú méjèèjì wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, nígbà tó rí ẹni náà, ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Dídá fò ti kọ́ ọ ní ìdákẹ́.

Ó bá pe àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó ní kó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òun. Àbúrò gbà. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yí bàálù, ibi tójú máa wà, ibi tẹ́sẹ̀ máa wà. Nígbà tó máa gbúròó àbúrò rẹ̀, ó ti sùn lọ, ó ń hanrun. Ìyàwó ló gba fóònù, ó rọra sọ pé kí ẹ̀gbọ́n má dúró, ẹ jọ̀ọ́, torí pé ọmọ tó ń ké látàárọ̀ náà ti fẹ́ sùn. Ó bá ń bá a lọ. Níbi iṣẹ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún àwọn aláìsàn ohun tí dókítà ń ṣe ní ẹnu wọn, wọ́n ní "àà", ó ń bá a lọ. Nígbà tó padà lọ bá olùdánwò, ó sọ̀rọ̀ débi pé obìnrin yẹn ní ó tó, ó sì fún un níwèé àṣẹ olùkọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un, oníbúrẹ́dì ni. Ọkùnrin náà kéré sí àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ orí, ìyẹ̀fun kì í tán létí ẹ̀, ẹnu ẹ̀ kì í sì í sinmi. Bàálù ò tíì kúrò nílẹ̀, á ti ròyìn ìyá ìyàwó rẹ̀, ti ààrò tó jó ju bó ṣe yẹ lọ, ti ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ di olórin. Ìgbà míì Àǹtí á ní, "Yà sósì ná, kó o tó sọ ti ìyá ìyàwó yẹn tán." Tí wọ́n bá bà, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á bu búrẹ́dì gbígbóná jẹ. Inú obìnrin yìí dùn. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣẹ́ ẹ kúrú, inú rẹ̀ ò dùn báyẹn rí.

Ṣùgbọ́n oníbúrẹ́dì gbọ́n. Kò pẹ́ tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń gbéra, tó mọ bí wọ́n ṣe ń bà. Ó tó ẹni tí wọ́n ń jẹ́ kó dá fò. Ó sì ti sọ pé nígbà tóun bá ti lè dá fò báyìí, ó tán, òun ò ní í máa yọ Àǹtí lẹ́nu mọ́. Àǹtí Eléyín bá ní kí wọ́n tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tọ́sẹ̀ náà dé, ó ní afẹ́fẹ́ ṣì ń da ọkùnrin náà láàmú díẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń pẹ́. Ẹsẹ̀ òsì kankan ò pẹ́. Ó mọ̀. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Oníbúrẹ́dì ò mọ̀ ní tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó di ọjọ́ kan, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò fọwọ́ kan búrẹ́dì, ó ní bóyá orí òun ò gbé irú ẹ̀kọ́ yìí, pé òun máa padà sídìí ààrò òun jẹ́jẹ́.

Bàbá Afẹ́fẹ́ gbọ́. Ó pe Àǹtí Eléyín sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì páànù tí wọ́n ń kó bàálù sí. Lọ́jọ́ yẹn, kò wo afẹ́fẹ́.

"Kí ló kù tí ọkùnrin yẹn ò mọ̀?"

Àǹtí tẹrí ba, ó ń fi bàtà ta koríko.

"Mo ní kí ló kù?"

"Kò sí, Bàbá. Ṣùgbọ́n tó bá lọ, ta ló kù fún mi?"

Bàbá fẹ̀yìn ti páànù. "Mi ò mọ̀," ó ní. "Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ni kó sọ̀ kalẹ̀. Bí o ò bá sọ̀ kalẹ̀, o ò kọ́ ọ ní nǹkan kan."

Nígbà tí oníbúrẹ́dì tún dé, bóyá torí kó lè dágbére ni, wọ́n fò yípo pápá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bà. Àǹtí Eléyín ní kó dúró, kó má pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di bẹ́líìtì àga tó fi sílẹ̀ kó má baà máa jù káàkiri. Ó pariwo sí i létí pé orí rẹ̀ pé, ó ti pé tipẹ́, òun lòun fà á sẹ́yìn, kó má bínú. Ó ní bàálù máa fúyẹ́ torí pé òun ò sí níbẹ̀, ó máa tètè dìde, kó má jẹ́ kíyẹn já a láyà.

Ó sì lọ. Bàálù tètè dìde lóòótọ́. Àǹtí Eléyín dúró sórí koríko, ó ń wò ó títí tó fi yípo dé, bàálù ta díẹ̀ nílẹ̀ nígbà tó bà, lẹ́yìn náà ó jókòó dáadáa.

Ẹ́ńjìnnì kú. Àǹtí ń retí ariwo ayọ̀, ó ti ń múra sílẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́ kí oníbúrẹ́dì tó sọ̀ kalẹ̀, nígbà tó sì sọ̀ kalẹ̀, ó rọra wá dúró níwájú rẹ̀.

"Àǹtí, mo sọ̀rọ̀ lókè yẹn, kò sẹ́ni tó dáhùn." Ó wojú rẹ̀. "Ṣé bó ṣe rí fún yín nìyẹn, ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi dá fò?"

Kò sẹ́ni tó bi í rí. Àbúrò rẹ̀ ò bi í, dókítà ò bi í, Bàbá Afẹ́fẹ́ tó kọ́ ọ ò bi í. Ó fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó, ẹ̀rín ò wá.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Bó ṣe rí nìyẹn."

Oníbúrẹ́dì mi orí. Ààrò ń dúró dè é, àwọn oníbàárà ń dúró dè é, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró tì í síbẹ̀, kò sọ nǹkan kan, títí ẹ́ńjìnnì fi tutù.